Òjò Oṣù Kẹjọ Kì Í Sinmi ní Kano

Ẹ̀yin tí omi ti wọlé tọ̀ lọ́dún yìí, a bá yín kẹ́dùn gan-an ni. Ọlọ́run yóò fi ohun tó dára ju èyí tó bá omi lọ rọ́pò fún yín.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ti ìpàdé, kì í sì í ṣe ti owó ẹgbẹ́ tí àwọn kan kò tíì san (a ó padà sórí ìyẹn lọ́jọ́ mìíràn). Ọ̀rọ̀ òjò ni, àti ọ̀rọ̀ àwọn kan láàárín wa tí wọ́n sọ wíwo ojú ọ̀run di iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò sanwó rẹ̀ fún wọn.

Púpọ̀ nínú yín mọ̀ wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn ni bàbá tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe iṣẹ́ ojú ọjọ́ ní pápákọ̀ òfurufú kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀kan jẹ́ télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ìlà oòrùn, tó jẹ́ pé bó ṣe ń ran aṣọ ló ń wo sánmà. Ìyá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń sá èlùbọ́ tà, tí wọn kò fẹ́ kí òjò ká ọjà mọ́ àwọn níta. Dírẹ́bà kan wà tó ń kó ẹrù láti Kano lọ sí Ìlọrin àti Ìbàdàn. Ọmọdékùnrin kan sì wà tó ń tún fóònù ṣe, òun ló ń bá wọn wo àwòrán ìkúùkuu tí sátẹ́láìtì ń yà. Bí oṣù Kẹjọ bá ti wọlé, àwọn wọ̀nyí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù mọ́. "Ó ti ṣú ní Azare." "Ó ti kọjá ní Dutse." "Tòní kò ní dé ọ̀dọ̀ wa." Báyìí ni wọ́n ń ṣe títí òjò yóò fi kásẹ̀ nílẹ̀. Àwọn ẹlẹ́fẹ̀ ti sọ wọ́n lórúkọ, wọ́n ń pè wọ́n ní òṣìṣẹ́ Ṣàngó.

Àwa kò fi wọ́n ṣe ẹ̀fẹ̀ o. Ohun tí wọ́n ń ṣe wúlò fún wa ju bí àwọn kan ṣe rò lọ, pàápàá fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé. Ìdí ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé Kano ṣùgbọ́n kàlẹ́ńdà òjò Ìbàdàn ló wà lórí wa. Nílé, gbogbo ènìyàn mọ̀ pé òjò ń sinmi díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ. Òjò á rọ̀ láti ìgbà àkọ́rọ̀ títí di oṣù Keje, á dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, oòrùn á yọ díẹ̀díẹ̀, á wá tún padà wá ní oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá kó tó di pé àrọ̀kúrò dé. Àkókò ìsinmi yẹn ni àwọn bàbá wa fi ń tún òrùlé ṣe, òun náà ni àwọn mìíràn fi ń sá àgbàdo.

Kò rí bẹ́ẹ̀ níbí rárá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni òjò Kano ń gun òkè lọ́dún, oṣù Kẹjọ yìí gan-an ló sì ń dé góńgó. Oṣù tó ń sinmi nílé ni oṣù tó ń le jù lọ níbí. Lọ́dún 2022, arákùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé láti wá kọ́ṣẹ́ bíríkìlà kó sìmẹ́ńtì ọ̀gá rẹ̀ sí abẹ́ tapólì lásán ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ. Ó ní òjò máa tó sinmi. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, sìmẹ́ńtì ti di òkúta. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni omi ya wọ ọjà Kantin Kwari tí wọ́n ti ń ta aṣọ, tí ẹrù àwọn oníṣòwò sì bà jẹ́ rẹpẹtẹ. Àwọn ènìyàn wa tó ń ra aṣọ níbẹ̀ láti fi ránṣẹ́ sí Èkó àti Oǹdó mọ ohun tí a ń sọ.

Bàbá wa tó fẹ̀yìn tì ti ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún wa lọ́pọ̀ ìgbà, kò sì ṣòro. Atẹ́gùn méjì ló ń du ojú ọ̀run Nàìjíríà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀kan tútù, ó ń gbé omi bọ̀ láti òkun tó wà ní gúúsù. Èkejì gbẹ, ó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀, òun là ń pè ní ọyẹ́ bó bá di oṣù Kejìlá. Ibi tí àwọn méjèèjì ti ń pàdé kì í dúró lójú kan. Ní oṣù Kìíní, ó wà nítòsí etíkun. Bí oòrùn ṣe ń lọ sí àríwá ló ń tẹ̀ lé e, títí yóò fi kọjá Kano, tí yóò kọjá Katsina, tí yóò sì wọ ilẹ̀ Niger lọ ní oṣù Kẹjọ. Òjò tó lágbára kì í rọ̀ ní ojú ibi ìpàdé yẹn gan-an, gúúsù rẹ̀ díẹ̀ ló ti ń rọ̀, níbi tí atẹ́gùn olómi ti nípọn tó. Ní oṣù Kẹjọ, ibẹ̀ gan-an ni Kano bọ́ sí. Èkó àti Ìbàdàn ti wà lẹ́yìn ní ọ̀nà jíjìn nígbà náà. Ìkúùkuu bo ojú ọ̀run wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè ga tó èyí tó ń sán àrá, ìdí nìyẹn tí òjò wọn fi ń ṣe winniwinni tàbí kó má tilẹ̀ rọ̀.

Kódà nílé pàápàá, ìsinmi oṣù Kẹjọ yìí kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè gbára lé. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980 ni omi Ògùnpa ya kọjá ààlà ní Ìbàdàn, tí ó gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn àti ilé lọ. Ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011 ni omíyalé tún ṣọṣẹ́ ní ìlú kan náà, tó gba ẹ̀mí àwọn tó lé ní 100. Oṣù tí wọ́n ní òjò ń sinmi ni méjèèjì ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá wo bí ìjì òjò ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wa, nítorí ibẹ̀ ni ọgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ Ṣàngó wà. Ìlà oòrùn ló ti ń bọ̀, ìwọ̀ oòrùn ló ń lọ. Èyí máa ń ya àlejò lẹ́nu, nítorí atẹ́gùn tó ń fẹ́ sí wa lára nílẹ̀ ń ti apá gúúsù àti ìwọ̀ oòrùn wá. Ṣùgbọ́n lókè, ní nǹkan bíi kìlómítà 3 sí 4 sí ojú ọ̀run, atẹ́gùn tó wà níbẹ̀ ń ti ìlà oòrùn fẹ́, òun ló ń ti ìjì síwájú. Bí ẹ bá rí òjò tó ṣú dẹ̀dẹ̀ ní ìwọ̀ oòrùn, ẹ sábà lè fi aṣọ yín sílẹ̀ lórí okùn. Òjò yẹn ti kọjá lọ. Èyí tó bá dúdú ní ìlà oòrùn, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́ gbọọrọ bí etí òrùlé, tí mànàmáná ń kọ nínú rẹ̀, ẹ tètè ṣe ohun tí ẹ fẹ́ ṣe. Hadari ni àwọn Hausa tó gbà wá lálejò ń pè é, kò sì sí àgbẹ̀ wọn kan tó máa rí i ní gabas tí yóò máa jókòó lọ.

Níbi yìí ni wíwà tí a wà káàkiri ti ṣe wá lóore. Àwọn ọmọ Yorùbá wà ní Maiduguri, wọ́n wà ní Potiskum, wọ́n wà ní Azare, wọ́n wà ní Dutse. Ọ̀nà tí ìjì ń gbà bọ̀ sí Kano nìyẹn gẹ́lẹ́. Ìyá oníṣòwò kan ní Dutse ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pe ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin ní Sabon Gari lórí fóònù: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kó aṣọ wọlé o, ó ti dé ọ̀dọ̀ wa." Ìjì bẹ́ẹ̀ máa ń sáré tó nǹkan bíi kìlómítà 50 láàárín wákàtí kan, nítorí náà èyí tó bá kúrò ní Dutse lè dé ọ̀dọ̀ wa ní nǹkan bíi wákàtí méjì. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń dé o. Òmíràn á kú sọ́nà, pàápàá èyí tó bá dé ní òwúrọ̀ kùtùkùtù nígbà tí ilẹ̀ tutù. Ṣùgbọ́n wákàtí méjì tó láti kó èlùbọ́ kúrò níta, láti lọ mú ọmọ níléèwé, láti gbé ọjà kúrò nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀bù.

Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó dé, atẹ́gùn tútù kan á kọ́kọ́ rọ́ lu ènìyàn lójijì. Ooru á lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òjò, eruku pupa ló ń ṣíwájú rẹ̀. Ní àsìkò tí a wà yìí ilẹ̀ ti tutù, kò sí eruku púpọ̀ mọ́, atẹ́gùn nìkan ni. Atẹ́gùn yìí ló ń ṣí páànù, kì í ṣe òjò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀wààrà òjò á dé, á lágbára fún nǹkan bí ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀, á wá di èyí tó ń rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí lọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àrá ṣe jìnnà tó, kó bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ìgbà tí mànàmáná bá kọ títí di ìgbà tó bá gbọ́ ìró. Ìṣẹ́jú àáyá 3 dúró fún kìlómítà kan. Bó bá ka 30 tàbí kò tó bẹ́ẹ̀, kó wọlé, kó má sì ṣe fara ti igi máńgòrò.

Ọ̀rọ̀ tó ń fa àríyànjiyàn jù láàárín wa ni ti àjọ NiMet, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí. "Irọ́ ni wọ́n ń pa. Wọ́n ní òjò máa rọ̀ ní Kano, kò rọ̀." A ti gbọ́ èyí títí ó fi sú wa. Bàbá wa máa ń dá wọn lóhùn pé ẹ béèrè lọ́wọ́ ará Hotoro bóyá kò rọ̀ ní ọ̀dọ̀ tiwọn. Ìjì tó ń sán àrá kì í fẹ̀ tó bí ẹ ṣe rò. Ó lè rọ̀ ní Fagge kó má kan Naibawa. Bí àjọ náà bá sọ pé àwọn ibì kan ní ìpínlẹ̀ Kano yóò rí ìjì òjò ní ọ̀sán tàbí ní ìrọ̀lẹ́, "àwọn ibì kan" yẹn ni kókó ọ̀rọ̀ wọn, kì í ṣe àfikún lásán. Bí ènìyàn 10 bá gbọ́ ọ, mẹ́rin péré lè rí òjò, kò sì túmọ̀ sí pé wọ́n pa irọ́ fún mẹ́fà yòókù. Ẹ gbọ́ wọn tán, kí ẹ wá wo ìlà oòrùn fúnra yín.

Ti ọdọọdún tún yàtọ̀ sí ti ojoojúmọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni NiMet ń gbé ìwé jáde lórí ìgbà tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè kọ̀ọ̀kan, ìgbà tí yóò parí, àti iye tí wọ́n retí. Àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ odò àti omi, ìyẹn NIHSA, náà ń gbé tiwọn jáde lórí àwọn ibi tí omíyalé lè dé. Àwọn tó ń dáko láàárín wa ní Bunkure àti Kura ń lo ti àkọ́kọ́. Èkejì ni àwa ará ìgboro kì í fẹ́ kà, bẹ́ẹ̀ sì ni àwa gan-an ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn.

Ẹ jẹ́ ká sọ nǹkan kan tó dùn mọ́ àwa fúnra wa. Ìjì tó kọjá lórí wa kì í fi ìgbà gbogbo tán síbẹ̀. Òjò inú rẹ̀ á rọ̀ tán lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbì atẹ́gùn tó gbé e á máa lọ sí ìwọ̀ oòrùn, á kọjá Niger àti Mali, á já sí òkun ní ẹ̀bá Senegal. Bó bá bá omi òkun tó gbóná pàdé láàárín oṣù Kẹjọ sí Kẹwàá, ó lè di ìjì ńlá tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń sọ lórúkọ. Púpọ̀ jù lọ nínú àwọn ìjì ńlá Àtìláńtíìkì tó ń ba ilé jẹ́ ló jẹ́ pé Áfíríkà ni ìgbì wọn ti ṣẹ̀. Harvey tó rọ òjò lé Houston lórí ní ìparí oṣù Kẹjọ ọdún 2017, ìgbì rẹ̀ kúrò ní etíkun Áfíríkà ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, òjò tó rọ̀ ní àwọn ibì kan nítòsí Houston ju èyí tí Kano ń rí láàárín ọdún kan gbáko. Irma tó kọlu Cuba àti Florida ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017 náà, ọ̀nà kan náà ló gbà.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ọmọ tàbí àbúrò ní Houston. Nígbà tí Beryl dé ọ̀dọ̀ wọn ní ọjọ́ 8 oṣù Keje ọdún 2024, tí iná lọ ní ilé àti ṣọ́ọ̀bù tó lé ní mílíọ̀nù 2, ìyá oníèlùbọ́ pe ọmọ wọn obìnrin, wọ́n ní, "Ṣé ẹ ti gbé omi mímu pamọ́, ọmọ mi?" Ọmọ náà ní, "Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kano ni ẹ ń kì mí nílọ̀ nípa ìjì, Màmá?" Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ọ̀dọ̀ wa ló ti ń kọjá bọ̀.

Iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n ń ṣe kò ná wọn ju agolo mílíìkì òfìfo lọ. Wọ́n ń gbé agolo tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tọ́ gbọọrọ sí ibi gbangba tí igi tàbí òrùlé kò bò. Bí òjò bá dá, wọ́n á ti rúlà bọ̀ ọ́. Bí omi bá ga tó mìlímítà 50 nínú agolo, ẹ fojú inú wo òrùlé ilé tó jẹ́ mítà 10 ní ìbú àti mítà 10 ní òòró. Lítà 5,000 ló bọ́ sórí òrùlé yẹn nìkan. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25, bíi 200 rẹ̀ nìyẹn. Àwa tí a ń ra omi lọ́wọ́ mai ruwa ní oṣù Kẹrin mọ iye tí 200 kẹ́ẹ̀gì jẹ́. Ẹ wá ka iye òrùlé tó wà ní òpópó kan ṣoṣo ní Sabon Gari, kí ẹ bi ara yín léèrè pé gọ́tà wo ni gbogbo rẹ̀ fẹ́ gbà kọjá, nígbà tí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ti dí i, tí ẹlòmíràn sì ti gbé kíósì lé e lórí.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Òjò nìkan kọ́ ni omíyalé. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1988, ìdídò Bagauda já níhìn-ín ní Kano lẹ́yìn òjò ńlá, àwọn àgbà tó wà ńbẹ̀ nígbà náà kò tíì gbàgbé. Ní òru ọjọ́ 9 mọ́jú ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ìdídò Alau já ní Maiduguri. Omi wọ ààfin Ṣéhù, ó wọ ilé ìwòsàn ńlá, ó wọ ọjà, àwọn tó lé ní 400,000 sì di ẹni tí kò nílé. Àwọn ènìyàn wa wà nínú wọn. A rántí bí fóònù wọn kò ṣe lọ mọ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ kíyè sí i pé oṣù Kẹsàn-án ló ṣẹlẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ ti ń sọ pé òjò ti ń lọ. Ilẹ̀ ti mu omi yó nígbà náà, odò ti kún, ìdídò ti kún. Òjò kékeré lásìkò yìí ń ṣe ohun tí òjò ńlá oṣù Kẹfà kò lè ṣe.

Ìjì tó ń lọ náà kò ṣe é fojú tẹ́ńbẹ́lú. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdún 2006 ni ọkọ̀ òfurufú tó ń lọ sí Sokoto já ní Abuja láìpẹ́ tó gbéra nínú ìjì, ènìyàn 96 ló kú, Sultan Muhammadu Maccido wà lára wọn. Dírẹ́bà wa máa ń tọ́ka sí èyí bí èrò bá ń kánjú mọ́ ọn pé kó wakọ̀ wọ inú ìjì. Ó ní bí ìkúùkuu bá tẹ́ gbọọrọ níwájú òun, òun á gẹ̀gẹ̀ sí ilé epo, òun á pa ẹ́ńjìnnì, ẹni tó bá ń bínú kó sọ̀ kalẹ̀.

Nítorí náà, a ti bá àwọn òṣìṣẹ́ Ṣàngó wa sọ̀rọ̀, wọ́n sì ti gbà. Láti ìsinsìnyí títí di ìgbà tí òjò yóò fi kásẹ̀ nílẹ̀, bí ìpè bá ti Dutse wọlé, wọn yóò pe àwọn olórí òpópó, àwọn yẹn yóò sì sọ fún àwọn ará ilé. A ti bẹ àwọn Àlùfáà àti àwọn Pásítọ̀ wa pé bí ìkìlọ̀ NiMet bá wà fún ọjọ́ Jímọ̀ tàbí ọjọ́ Àìkú, kí wọ́n jọ̀wọ́ kà á síta kí àdúrà ìparí tó wáyé. Àwọn tó ń gbé ní ìyàrá ìsàlẹ̀ nítòsí gọ́tà ńlá, ẹ gbé ìwé ẹ̀rí ọmọ, ìwé ilẹ̀ àti oògùn àwọn àgbà sí òkè àpótí láti òní lọ. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ kan wáyà iná nígbà tí omi bá wà nínú ilé.

Ọjọ́ Sátidé tí ń bọ̀, aago 7 òwúrọ̀, a ó jọ kó gọ́tà láti iwájú gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ lọ sí ìsàlẹ̀. Àwọn aládùúgbò wa Hausa àti Ìgbò ti ní àwọn yóò dara pọ̀ mọ́ wa, omi kì í kúkú béèrè èdè kó tó wọlé. Ẹni tó ní ṣọ́bìrì kó mú un dání. Ẹni tó ní kíósì lórí gọ́tà, a ti bá a sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kó gbé e kúrò kó tó di ọjọ́ náà. Ìwé tí wọ́n ń kọ òjò sí wà lọ́wọ́ télọ̀, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wò ó tàbí tó fẹ́ gbé agolo tirẹ̀ síta kó lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń wá ẹni kan ní Naibawa.